Iṣẹ́ Tíṣà Jẹ́lé-ó-sinmi Kì í Ṣe Iṣẹ́ Ẹni Tí Ò Ríṣẹ́: Bí Ẹ Ṣe Lè Kọ́ Ọ Rèé

Orúkọ tí Yorùbá fún ilé-ìwé àwọn ọmọ kéékèèké, jẹ́lé-ó-sinmi, ti tú àṣírí wa: ká kó ọmọ jáde kí ilé lè sinmi. Bóyá ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ èèyàn fi gbà pé ẹnikẹ́ni tó bá ti lè nu imú ọmọ, tó lè fún un lóúnjẹ, ti tó tíṣà ibẹ̀ ṣe. Ní Adó-Èkìtì níbí, mo ti pàdé àwọn ọ̀dọ́ tó jẹ́ pé bí wọ́n ṣe parí WAEC ni wọ́n bọ́ sí kíláàsì ọmọ ọdún méjì. Yunifásítì ni wọ́n ń dúró dè. Ọmọ ọlọ́mọ ni wọ́n fi ń najú.

Àwa ará Èkìtì fẹ́ràn ká máa ka iye ọ̀jọ̀gbọ́n tó wà nílùú wa. A máa ń fi Christ's School yangàn, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1933. Ṣùgbọ́n ta ló ń béèrè ẹni tó kọ́kọ́ kọ́ ọ̀jọ̀gbọ́n ní ení, èjì?

Kí ni ìjọba sọ?

Òfin UBE ti ọdún 2004 ka ìtọ́jú àti ẹ̀kọ́ ọmọ kékeré mọ́ ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀. Ìlànà ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè wa ní ọmọ 25 ni kó wà lọ́wọ́ tíṣà kan ní nọ́sìrì, àti pé NCE ni ìwé ẹ̀rí tó kéré jù tí tíṣà gbọ́dọ̀ ní. Ẹ dé nọ́sìrì tó wà ládùúgbò yín, kí ẹ ka orí àwọn ọmọ, kí ẹ sì béèrè ìwé tíṣà.

Kí lèèyàn ń fi ọdún mẹ́ta kọ́?

Wọ́n máa ń bi mí pé kí lèèyàn fẹ́ fi odindi ọdún mẹ́ta kọ́ nípa ọmọ tó ṣì ń tọ̀ sára. Ó pọ̀. Ẹ jẹ́ ká mú ìka ọwọ́ nìkan. Ìka ọmọ ọdún méjì ò tíì le débi tó fi máa di pẹ́ńsù mú dáadáa. Tíṣà tí ò kẹ́kọ̀ọ́ á fi pẹ́ńsù sí i lọ́wọ́, á ní kó kọ A. Bí ọmọ ò bá lè kọ ọ́, ó di olódo. Tíṣà tó kẹ́kọ̀ọ́ á kọ́kọ́ fún un ní amọ̀ kó fi mọ nǹkan, á jẹ́ kó ya pépà, á jẹ́ kó sín ìlẹ̀kẹ̀. Lójú ìyá ọmọ, eré lásán ni. Ìka ló ń le yẹn.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ìṣirò. Ọmọ lè ka 1 dé 20 bí ẹni ń kọrin, kí ẹ wá ní kó mú ìdérí ìgò mẹ́ta wá, kó kó gbogbo ẹ̀ wá.

Wọ́n á tún kọ́ nípa bí ọmọ ṣe ń dàgbà, oúnjẹ àti ìmọ́tótó, àlọ́ àti eré, àti bí a ṣe ń fi páálí ṣe ohun ìkọ́ni. Wọ́n á kọ́ bí a ṣe ń fura: ọmọ tí gbogbo èèyàn ń pè ní alágídí lè jẹ́ pé etí rẹ̀ ni ò gbọ́ràn. Lẹ́yìn náà, akẹ́kọ̀ọ́ á lọ fi ìkọ́ni dánra wò nílé-ìwé fún sáà kan gbáko.

Ọ̀rọ̀ èdè náà wà ńbẹ̀. Láti ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fún ọdún mẹ́fà, èyí sì fi hàn pé èdè ìyá kì í dí ọmọ lọ́wọ́. Ní oṣù Kọkànlá 2025, ìjọba àpapọ̀ fagi lé ìlànà èdè abínibí ti 2022, wọ́n ní Gẹ̀ẹ́sì ni kí wọ́n máa fi kọ́ni. Ṣùgbọ́n bí ọmọ ọdún mẹ́ta bá ń sunkún ìyá rẹ̀ láàárọ̀, èdè tó gbọ́ ni tíṣà máa fi rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún.

Ọ̀nà wo lẹ lè gbà?

Ìjọba àpapọ̀ ti kéde pé ẹni tó fẹ́ ṣe NCE ò nílò ìdánwò UTME mọ́. Ó kéré tán, kó ní kírẹ́díìtì mẹ́rin, kó sì forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ JAMB. Ẹni tó ti ń ṣiṣẹ́ lè wo NTI, tí olú ilé-iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Kàdúná, tó ń kọ́ni láti ọ̀nà jíjìn. Ẹni tó fẹ́ dìgírì lè béèrè ní BOUESTI ní Ìkẹ́rẹ́, kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ tó di yunifásítì ní 2020. Ẹ kọ́kọ́ béèrè bóyá wọ́n ti fọwọ́ sí kọ́ọ̀sì náà gan-an kí ẹ tó sanwó. Lẹ́yìn ìwé ẹ̀rí, ìdánwò TRCN ló kù kí ẹ tó gba láísẹ́ǹsì.

Ẹ ṣọ́ra

Maria Montessori, dókítà ará Ítálì, ṣí ilé àwọn ọmọdé tirẹ̀ ní Róòmù lọ́dún 1907. Orúkọ rẹ̀ ò ní olówó. Ẹnikẹ́ni lè kọ ọ́ sára pátákó. Kọ́ọ̀sì Montessori olóṣù díẹ̀ lè wúlò, ṣùgbọ́n kò lè dípò NCE.

Mi ò ní tàn yín: owó nọ́sìrì aládàáni ò tó nǹkan níbi púpọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ní NCE àti láísẹ́ǹsì lè wáṣẹ́ sí ilé-ìwé ìjọba nígbà tí SUBEB bá ń gbani. Ẹni tí ò ní, kò lẹ́nu ọ̀rọ̀. Kí ẹ tó ra fọ́ọ̀mù, ẹ lọ lo ọ̀sẹ̀ kan ní kíláàsì ọmọ ọdún mẹ́ta. Bó bá di ọjọ́ Ẹtì tí ariwo wọn ṣì ń pa yín lẹ́rìn-ín, ẹ lọ rà á.