Ẹ̀jẹ́ Lincoln àti Ogun Antietam

Ní ẹ̀bá odò Antietam, nítòsí ìlú Sharpsburg ní ìpínlẹ̀ Maryland, ilé ìjọsìn funfun kékeré kan wà. Àwọn Dunker ni ó ni ín, ìjọ tí ó ti Jámánì wá, tí wọ́n ń ri onígbàgbọ́ bọ omi lẹ́ẹ̀mẹta, tí wọ́n ń wẹ ẹsẹ̀ ara wọn, tí wọn kì í sì í gbé ohun ìjà. Àyíká ilé yìí gan-an ni ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà dé ní ọjọ́ 17 oṣù kẹsàn-án ọdún 1862. Kí ilẹ̀ tó ṣú, àwọn tí ó kú, tí ó fara gbọgbẹ́ tàbí tí a kò rí mọ́ ti tó bí 23,000. Lórí ilẹ̀ Amẹ́ríkà, kò sí ọjọ́ kan ṣoṣo tí ogun ta ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Àwọn ìpínlẹ̀ Gúúsù ti ya kúrò kí ẹnikẹ́ni má baà gba ẹrú lọ́wọ́ wọn, ọ̀gágun wọn, Robert E. Lee, sì ti kó ogun wọ Maryland. Láti oṣù keje ni Ààrẹ Abraham Lincoln ti kọ ìkéde òmìnira sílẹ̀, ṣùgbọ́n mínísítà rẹ̀, Seward, ní kí ó dúró títí wọn yóò fi ṣẹ́gun, kí ó má baà dà bí igbe ẹni tí ọwọ́ ti tẹ̀.

Ní ọjọ́ 22 oṣù kẹsàn-án, Lincoln sọ fún àwọn mínísítà rẹ̀ pé òun ti jẹ́ ẹ̀jẹ́ fún Ọlọ́run: bí a bá lé Lee kúrò ní Maryland, òun yóò kéde òmìnira. Chase àti Welles, tí wọ́n wà níbẹ̀, kọ ọ́ sínú ìwé ìrántí ojoojúmọ́ wọn.

Ẹni tí ó bá ti ka Àwọn Onídàájọ́ orí 6 àti 11 yóò fura. Irun àgùntàn Gídíónì, bí kò bá gbẹ, yóò tutù; ti Antietam kò gbẹ, kò tutù. Lee kò borí, ṣùgbọ́n ó kó ogun rẹ̀ sọdá odò Potomac láìsí ẹni tí ó lé e dáadáa. Lincoln gbà pé ìyẹn tó. Mo yìn ín pé ó san ẹ̀jẹ́ rẹ̀, àti pé kì í ṣe ọmọ rẹ̀ ni ó fi san án bí ti Jẹ́fútà. Síbẹ̀, ó ṣòro fún mi láti wàásù pé ó yẹ kí òmìnira ẹrú dúró de àmì. Ẹni tí wọ́n ń nà lẹ́gba lóko kò bá Ọlọ́run pàdéhùn kankan.

Ìkéde náà yí ogun padà. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, tí ó ti ń rò ó bóyá kí òun dá sí ọ̀rọ̀ náà, fà sẹ́yìn. Bí 180,000 ènìyàn dúdú sì wọ iṣẹ́ ológun Àríwá kí ogun tó parí.

Ní alẹ́ ọjọ́ ìkẹyìn ọdún 1862, àwọn ènìyàn dúdú ṣọ́ òru nínú ilé ìjọsìn wọn, wọ́n ń dúró de òmìnira. Ní ọjọ́ kejì, Frederick Douglass wà láàárín èrò ní Tremont Temple ní Boston títí ilẹ̀ fi ṣú kí wáyà tó mú ìròyìn dé. Maryland ni wọ́n ti bí Douglass sí oko ẹrú. Ìkéde náà kò kan Maryland, nítorí kò bá Gúúsù lọ. Ọjọ́ 1 oṣù kọkànlá ọdún 1864 ni àwọn ẹrú ibẹ̀ tó di òmìnira.