Yíyan Mástà Bíréèkì fún Ìjàpá tí A Tún Ṣe

Ọkọ̀ Volkswagen tí gbogbo wa ń pè ní Ìjàpá kò tíì tán nílẹ̀ l'Ékòó. Ọdún 1975 ni ilé-iṣẹ́ Volkswagen of Nigeria bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ pọ̀ lójú ọ̀nà Badagry. Jámánì dáwọ́ ṣíṣe Ìjàpá olórùlé irin dúró ní 1978, Mẹ́síkò sì ṣe èyí tó gbẹ̀yìn ní 2003. Àwọn tó ṣì ní in lónìí, yálà àgbà tí kò fẹ́ tà á tàbí ọ̀dọ́ tó fẹ́ràn ohun àtijọ́, kì í fi í sílẹ̀ bó ṣe wà. Wọ́n á fi ẹ́ńjìnì tó lágbára sí i, wọ́n á yọ dúrọ́ọ̀mù ẹsẹ̀ iwájú kúrò, wọ́n á fi dísìkì rọ́pò rẹ̀. Títí dé ibẹ̀, ó dáa. Ibi mástà bíréèkì ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. (Kí ẹnikẹ́ni má wá orúkọ Yorùbá tuntun fún un o. Mástà yé ọ̀gá mẹkáníìkì, ó yé ẹni tó ń ta páàtì.)

Ohun tí ẹ máa gbọ́ lẹ́nu ọ̀pọ̀ ènìyàn ni pé, "Ẹ wá mástà ńlá sí i, kí bíréèkì lè mú dáadáa." Ọ̀rọ̀ náà dùn létí, ṣùgbọ́n òdìkejì rẹ̀ ni òótọ́. Láti ọ̀rúndún kẹtàdínlógún ni Blaise Pascal, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ti là á yé wa pé ìfúnpá tí a bá fi sí ọ́ìlì tó wà ní àhámọ́ máa ń dé ibi gbogbo ní ìwọ̀n kan náà. Ìfúnpá yẹn sì ni agbára ẹsẹ̀ tí a pín sórí ojú pístìnì mástà. Bàtà onígìgísẹ̀ ṣóńṣó a máa wọ inú ẹrẹ̀. Sálúbàtà pẹlẹbẹ kì í wọ̀ ọ́ tó bẹ́ẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ ẹnìkan náà ló wọ méjèèjì.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ká sọ pé awakọ̀ fi agbára 30 kílò tẹ pẹ́dà, tí pẹ́dà sì sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́fà, ìyẹn 180 kílò, kó tó dé pístìnì. Mástà tí ihò inú rẹ̀ fẹ̀ tó mìlímítà 19.05 á fún ọ́ìlì ní bíi kílò 63 lórí sẹ̀ǹtímítà kan níbùú lóròó. Bí ihò bá jẹ́ 20.64, ó di 54. Bí ẹnìkan bá wá lọ gbé mástà 25.4 ti ọkọ̀ ńlá wálé, bíi 36 péré ló kù. Ẹsẹ̀ kan náà ni o!

Ọkọ̀ ńlá yẹn kò mọ̀ ọ́n lára nítorí pé ó ní búsítà tó ń ran ẹsẹ̀ lọ́wọ́. Ìjàpá kò ní in. Ẹ́ńjìnì rẹ̀ wà lẹ́yìn, mástà wà níwájú lẹ́bàá ẹsẹ̀ awakọ̀, àyè àtifi búsítà síbẹ̀ kò sì pọ̀. Awakọ̀ á tẹ pẹ́dà, á le bí òkúta, inú rẹ̀ á dùn pé bíréèkì ti le. Pẹ́dà ló le, ọkọ̀ kò dúró. Tirela tó wà níwájú rẹ̀ ní Wharf Road l'Ápápá kò sì ní bi í léèrè.

Ṣé ká wá lọ sí kékeré pátápátá, bíi 17.46 ti Ìjàpá àtijọ́? Rárá. Bí pístìnì bá rìn sẹ̀ǹtímítà kan, 17.46 á ti ọ́ìlì bíi mìlílítà 2.4, 19.05 á ti 2.85, 20.64 á ti bíi 3.35. Kálípà tó tóbi máa ń mu ọ́ìlì púpọ̀. Bí mástà bá kéré jù, pẹ́dà á kanlẹ̀ kí páàdì tó di dísìkì mú. Nítorí náà, bó bá jẹ́ ẹsẹ̀ iwájú nìkan lẹ fi dísìkì sí, tí kálípà kò sì tóbi jù, ẹ dúró sí 19.05. Bó bá jẹ́ ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹ lọ sí 20.64. Èmi ò rí ìdí tí Ìjàpá tí kò ní búsítà fi ní láti kọjá ibẹ̀.

Ẹ tún wo fáàfù kékeré tó máa ń wà lẹ́nu àwọn mástà kan tí wọ́n ṣe fún dúrọ́ọ̀mù. Ó ń dá ìfúnpá díẹ̀ dúró sínú páìpù. Dúrọ́ọ̀mù fẹ́ ẹ, torí ó ní sípíríìnì tó ń fa ṣúù padà. Dísìkì kò ní irú sípíríìnì bẹ́ẹ̀. Páàdì á máa ha á lọ, á gbóná, á jẹ tán láìpẹ́.

Ọ̀rọ̀ olójú kan àti olójú méjì kò gba àríyànjiyàn. Nínú mástà olójú kan, bí páìpù kan bá bẹ́, gbogbo bíréèkì lọ nìyẹn. Amẹ́ríkà ti fi òfin de irú rẹ̀ nínú ọkọ̀ tuntun láti 1968. Bí owó kò bá tó ohun gbogbo, ẹ ra mástà olójú méjì ná, kí dísìkì dúró.

Àwọn tó ń ra tòkunbọ̀ tí wọ́n ń pè ní Belgium gbọ́dọ̀ yẹ ẹnu páìpù wò. Ti Jámánì àti ti Japan lè ní òwú kan náà, M10, kí nọ́ọ̀tì wọlé wẹ́rẹ́, síbẹ̀ kí ìjókòó ẹnu páìpù wọn yàtọ̀. Yóò jò. Ẹ mú fáníà lọ́wọ́ láti wọn ihò fúnra yín. Nọ́ńbà ara páálí kì í ṣe ẹ̀rí.

Òjò Ajégúnlẹ̀ náà wà ńbẹ̀. Ìsàlẹ̀ ni mástà Ìjàpá wà, nítòsí táyà iwájú, àgbàrá sì ń bá a. Ọ́ìlì bíréèkì a máa fa omi mọ́ra: DOT 4 tuntun kì í hó kó tó kéré tán 230 lórí ìwọ̀n Celsius, ṣùgbọ́n bó bá ti mu omi, ó lè sọ̀kalẹ̀ sí 155. Ẹ máa pààrọ̀ rẹ̀ ní ọdún méjì-méjì. Bí ìpáta bá ti jẹ inú mástà, rọ́bà tuntun kò lè ràn án lọ́wọ́. Ẹni tó bá sì bu omi ọṣẹ tàbí ọ́ìlì ẹ́ńjìnì sí i, kó yáa pa ọkọ̀ tì.

Nígbà tí ẹ bá ń tò ó, ẹ fi àyè mìlímítà kan sílẹ̀ láàárín irin pẹ́dà àti pístìnì, kí ọ́ìlì lè rí ọ̀nà padà. Lẹ́yìn tí afẹ́fẹ́ bá ti jáde tán, ẹ tẹ pẹ́dà mọ́lẹ̀ ṣinṣin fún ìṣẹ́jú kan lójú kan náà. Bó bá ń rọra sọ̀kalẹ̀, tí ọ́ìlì kò sì jò síta, rọ́bà inú mástà ló ń jò. Ẹ má gbé e jáde sí Boundary.