Omi Ò Lọ́tàá, Àfi Irun Tí A Pa Láró

Àwọn àgbà ní omi ò lọ́tàá. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ san owó gidi fún onídìrí kó lè bá yín dáì irun yín sí pupa, ẹ óò rí i pé omi tí ẹ fi fọ̀ ọ́ máa ń pọ́n bó ṣe ń ṣàn lọ. Owó yín ló ń ṣàn lọ yẹn.

Ìdí rẹ̀ rèé. Ẹyọ irun kan ní ìpẹ́ lára bíi ti ẹja, ọ̀kan lé orí èkejì. Nígbà tí wọ́n bá ń pa irun láró tó máa pẹ́, ammonia tàbí nǹkan tó jọ ọ́ ló ń ṣí àwọn ìpẹ́ yìí kí aró lè wọ inú irun. Lẹ́yìn náà, wọn kì í padé dáadáa bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Tí omi bá kan irun, irun á wú, ìpẹ́ á gbéra, aró díẹ̀ á sì jáde. Kì í ṣe ọṣẹ nìkan ló ń ṣe é. Omi fúnra rẹ̀ wà níbẹ̀.

Ibí ni ṣáńpú gbígbẹ ti wúlò. Orúkọ rẹ̀ ń tan èèyàn jẹ o, kì í fọ nǹkan kan. Ìyẹ̀fun sítáàṣì ló pọ̀ jù nínú iṣẹ́ rẹ̀: ti ìrẹsì, ti àgbàdo tàbí ti ẹ̀gẹ́. Hóró sítáàṣì ìrẹsì kan máa ń tó nǹkan bíi 0.005 mìlímítà, ẹyọ irun sì máa ń tó nǹkan bíi 0.07. Àwọn hóró kéékèèké yìí ló ń fa òróró awọ orí mọ́ra, irun á wá dà bí èyí tó mọ́.

Ó pa mí lẹ́rìn-ín pé ẹ̀gẹ́ yìí kan náà ni àwọn aláró Abẹ́òkúta fi ń ṣe ẹ̀kọ àdìrẹ ẹlẹ́kọ. Lórí aṣọ, ó ń dí aró lọ́nà. Lórí irun, ó ń bá wa tọ́jú aró.

Báwo wá ni ẹ ṣe máa mọ èyí tó dára? Ẹ má wo ọ̀rọ̀ dídùn tí wọ́n kọ síwájú agolo. Ẹ yí i padà, kí ẹ ka àwọn èròjà láti òkè wá sílẹ̀, bí èmi ṣe ń ka kóòdù níbi iṣẹ́. Ohun tó pọ̀ jù ló máa ń ṣáájú.

Nínú agolo tí a ń fín, “Butane”, “Isobutane” àti “Propane” ló sábà máa ń wà lókè. Gáàsì tó ń ti ìyẹ̀fun jáde ni wọ́n. “Alcohol Denat.” ni ọtí, ó sì lè mú irun gbẹ. Irun tí a pa láró ti gbẹ tẹ́lẹ̀. Irun wa tó ká kò tún gbẹ jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí òróró awọ orí kì í tètè rìn dé ṣóńṣó rẹ̀.

Gáàsì yẹn tún ní ìtàn. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2022, Unilever kó àwọn ṣáńpú gbígbẹ alágolo kan kúrò lọ́jà ní Amẹ́ríkà, Dove àti TRESemmé wà lára wọn, torí ó ṣeé ṣe kí benzene, tó lè fa jẹjẹrẹ, wà nínú wọn. Ilé-iṣẹ́ náà ní ara gáàsì ló ti wá, àti pé iye tí àwọn rí ò tó ohun tó yẹ kó ṣe èèyàn ní jàǹbá.

Ní tèmi o, ìyẹ̀fun inú ike tí kò ní gáàsì ni mo yàn, tí “Oryza Sativa Starch”, ìyẹn sítáàṣì ìrẹsì, tàbí “Tapioca Starch”, ti ẹ̀gẹ́, bá ṣáájú. Tí irun yín bá dúdú, ẹ wá èyí tó ní “Iron Oxides” tàbí kòkó, kí orí yín má baà funfun bíi ti àgbàlagbà.

Ẹ wọ́n díẹ̀ sí ìdí irun nìkan, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú méjì-mẹ́ta, ẹ fi ọmọ ìka ra á, kí ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì ya irun náà kí ìyókù lè já bọ́. Ẹ má ṣe é lójoojúmọ́. Tí orí bá ń yún yín, tàbí ìyẹ̀fun ti ń ṣù, ẹ lọ fọ irun.

Ẹni tó ń fọ irun lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, tó wá sọ ọ́ di ẹ̀ẹ̀kan, ti dín ìjà omi àti aró kù sí ìdajì. Omi ò lọ́tàá lóòótọ́. A kàn ní kó rọra ni.

Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ o.