Ìtàn Odysseus ní Bódìjà: òótọ́ àbí irọ́?

"Ọ̀rọ̀ inú ìwé ni ìtàn àwọn Gíríìkì àtijọ́. Ẹ fi í sílẹ̀ fáwọn ọ̀mọ̀wé Yunifásítì Ìbàdàn."

Irọ́ ni. Ẹ wo ìtàn Gíríìkì méjì: Iliad lé ní 15,000 ìlà, Odyssey lé ní 12,000, ẹnu sì ni wọ́n ti wá kí wọ́n tó dìwé. Mo dán an wò ní Bódìjà, lálẹ́ ọjọ́ kan tí NEPA mú iná lọ tí epo jẹnẹrétọ̀ náà sì tán. Mo sọ fáwọn ọmọ ilé pé òmìrán olójú kan há Odysseus, akọni inú Odyssey, mọ́ inú ihò, ó ń pa àwọn èèyàn rẹ̀ jẹ ní méjì-méjì. Odysseus fún un lọ́tí mu, ó ní, "Kòsẹ́nìkan lorúkọ mi." Nígbà tí ọtí pa òmìrán, wọ́n ti igi gbígbóná bọ̀ ọ́ lójú. Ó figbe ta. Àwọn aládùúgbò sáré dé ẹnu ihò: "Ta ló ń pa ọ́?"

"Kòsẹ́nìkan!"

Wọ́n ní tí kò bá sẹ́nìkan, a jẹ́ pé àìsàn ni, kó ké pe òrìṣà òkun tó bí i. Wọ́n bá tiwọn lọ.

Ọmọbìnrin kan ti ń rẹ́rìn-ín. "Bọ̀dá, Ìjàpá nìyẹn! Òun ló ní Gbogbo-yín lorúkọ òun lóde àwọn ẹyẹ." Ó gba ìtàn mọ́ mi lẹ́nu. Kí n tó rí i gbà padà, Odysseus ti di ọkọ Yánníbo.

"Apàlọ́ gidi há gbogbo rẹ̀ sórí ni, ọ̀rọ̀ kan ò gbọdọ̀ yẹ̀."

Irọ́. Láàárín 1933 sí 1935, Milman Parry, ará Amẹ́ríkà, ń gba ohùn àwọn akọrin ìtàn sílẹ̀ ní Yugoslavia. Ohun tó hàn ni pé wọn kì í há a. Ṣe ni wọ́n ń hun ún lákọ̀tun, tí wọ́n ń fi gbólóhùn tó ti wà lẹ́nu wọn tẹ́lẹ̀ rán an pọ̀. Ẹni tó bá ti gbọ́ ìjálá rí kò ní ya ẹnu. Oríkì ni oníjàlá fi ń mí.

"Áfíríkà ò nírú rẹ̀." Ruth Finnegan, tó ti kọ́ni ní Ìbàdàn níbí, kọ ọ́ lọ́dún 1970 pé irú ìtàn akọni gbọọrọ bẹ́ẹ̀ ò wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa. Bẹ́ẹ̀, Ìbàdàn yìí kan náà ni Okabou Ojobolo, ọmọ Ijaw, ti sọ ìtàn Ozidi lọ́dún 1963, òru méje gbáko, tí akéwì J.P. Clark ń gbà á sí téèpù. Ìwé rẹ̀ jáde lọ́dún 1977, ohun tí mo sì fẹ́ràn jù níbẹ̀ ni pé Clark ò yọ ẹnu àwọn òǹwòran kúrò: wọ́n ń dá sí i, wọ́n ń béèrè, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Isidore Okpewho, tó ka ìmọ̀ Gíríìkì àti Látìn ní Yunifásítì Ìbàdàn, wá fi odindi ìwé dáhùn ọ̀rọ̀ Finnegan lọ́dún 1979.

"Ogun Troy ò kàn wá." Ẹ bi Fẹ́mi Ọ̀ṣọ́fisan, òǹkọ̀wé eré. Lọ́dún 2004, ó gbé ẹkún àwọn obìnrin Troy, ìlú táwọn Gíríìkì fọ́, wá sí ẹnu àwọn obìnrin Òwu, ìlú tí ọmọ ogun Ìjẹ̀bú, Ifẹ̀ àti Ọ̀yọ́ sọ di ahoro. Ibo làwọn ọmọ ogun náà padà tẹ̀dó sí? Ìbàdàn ni. Nínú ìtàn yẹn, àwa ni Gíríìkì.