ỌMỌ YÍN Ń LỌ SÍ KỌ́LẸ́Ẹ̀JÌ NÍ ÌLÚ KÉKERÉ: KÍ NI Ẹ DÌ FÚN UN?



Bí ẹ bá dé ibùdókọ̀ ńlá Oṣòdì, èyí tí a ṣí ní ọdún 2019, ní àkókò tí àwọn ilé ẹ̀kọ́ gíga ń wọlé, ẹ ó rí ohun tí mo fẹ́ sọ. Ìyá yóò gbé àpò gàárì, bàbá yóò máa bẹ awakọ̀ pé kí ó rọra sáré, ọmọ yóò máa wo fóònù. Ìkòkò, sítóòfù, ibùsùn, Bíbélì tàbí Kùránì, gbogbo rẹ̀ yóò wọ inú ọkọ̀. Ọkọ̀ yóò ṣí, ìyá yóò nu ojú, yóò sì darí sílé. Ó ṣọ̀wọ́n kí n tó gbọ́ kí ìyá kan béèrè pé: “Irú omi wo ni ìwọ yóò máa mu níbẹ̀?”

Ẹ má rò pé ẹlòmíràn ni mò ń bá wí. Èmi tí mo jẹ́ nọ́ọ̀sì, n kò béèrè.

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ wa láti Oṣòdì àti Ìsọlọ̀ ni ó ń kàwé ní ìlú kékeré. Àwọn kan ń lọ sí Ìrèé ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, níbi tí ilé ẹ̀kọ́ gíga ìmọ̀ ẹ̀rọ ti wà láti ọdún 1992. Àwọn mìíràn ń lọ sí Noforija lẹ́bàá Ẹ̀pẹ́, níbi tí a dá kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ sílẹ̀ ní 1994, èyí tí ó di ara Yunifásítì Ẹ̀kọ́ ti Ìpínlẹ̀ Èkó ní 2022. Ìlú kékeré ní oore tirẹ̀. Ariwo kò pọ̀, owó yàrá kò ga bíi ti Ìsọlọ̀, ọmọ sì lè rí àyè kàwé. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ìyá rẹ̀ ń bu oúnjẹ fún lánàá ni ó di olùsè, apọnmi àti dókítà ara rẹ̀ lónìí.

Ọmọbìnrin mi wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kan tí n kò ní dárúkọ. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, ó pè mí: “Mọ́mì, orí ń fọ́ mi, òtútù sì ń mú mi.” Mo ti wà lórí ìdúró láti àárọ̀ ní dísípẹ́ńsárì, ó sì ti rẹ̀ mí. Mo ní: “Lo oògùn ibà tí mo dì sínú àpò rẹ.” Mo pa fóònù. Ọ̀rọ̀ tí n kò jẹ́ sọ fún aláìsàn tí n kò tíì fojú rí ni mo sọ fún ọmọ bíbí inú mi.

Ó lo oògùn náà lẹ́ẹ̀mejì, ara rẹ̀ balẹ̀, ó sì fi èyí tí ó kù fún ẹni tí wọ́n jọ ń gbé yàrá, nítorí òun náà ń gbọ̀n. Inú rere ni ó ṣe. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ibà náà padà dé tagbáratagbára. Dípò kí ó lọ sí ilé ìwòsàn níbẹ̀, ó wọ ọkọ̀ bọ̀ wá sí Èkó. Nígbà tí mo bá a ní Oṣòdì, kò lè dá rìn mọ́, ó sì ń bá ẹ̀gbọ́n mi tí ó ti kú sọ̀rọ̀. Ní ọjọ́ tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ jókòó ṣe ìdánwò, orí ibùsùn ilé ìwòsàn ni ó wà, tí omi ń kán sí i lára. Ọlọ́run ni ó bá mi yọ ọ́.

Nígbà tí ara rẹ̀ yá, mo bá a padà lọ. Kò sí àwọ̀n ní ojú fèrèsé. Àgbá omi kò ní ìdérí. Ẹnu àpò gàárì là sílẹ̀ gbayawu, ìgbẹ́ eku sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kílíníìkì ilé ẹ̀kọ́ kò jìnnà sí yàrá náà, a sì ti san owó rẹ̀ mọ́ owó ilé ìwé, ṣùgbọ́n ọmọ mi kò tíì fi ẹsẹ̀ kan ibẹ̀ rí. Nítorí náà, ẹ gba ìmọ̀ràn tí ojú mi rí kí n tó mọ̀ ọ́n.

Èkíní, ọ̀rọ̀ ibà. Kì í ṣe gbogbo ara gbígbóná ni ẹ̀fọn fà. Kí wọ́n kọ́kọ́ gún ọmọ ìka, kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wò. Kò gbà ju nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú lọ. Ara ewéko kan tí Tu Youyou ará Ṣáínà ṣàwárí agbára rẹ̀, tí ó sì gba ẹ̀bùn Nobel ní 2015, ni a ti rí oògùn ibà tí à ń lò lóde òní. Èyí tí ó wọ́pọ̀ jù, artemether-lumefantrine, ẹ̀ẹ̀mẹfà ni a ń lò ó láàárín ọjọ́ mẹ́ta. Ìkejì yóò tẹ̀lé ìkíní lẹ́yìn wákàtí mẹ́jọ, lẹ́yìn náà ó di àárọ̀ àti alẹ́, pẹ̀lú oúnjẹ tí ó ní epo díẹ̀. Ẹni tí ó lo méjì tí ó sì fi mẹ́rin sílẹ̀ kò pa kòkòrò náà. Ó kàn gbá a létí ni. Àwọ̀n ẹ̀fọn sì ṣe pàtàkì ju ìkòkò lọ nínú ẹrù ọmọ.

Èkejì, ọ̀rọ̀ omi. Kí ó se omi kànga kí ó tó mu ún, kí ó dé e, kí ó má sì máa ti ọwọ́ bọ̀ ọ́. Ẹ rántí àrùn onígbáméjì tí ó jà ní Èkó ní ọdún 2024. Bí ìgbẹ́ gbuuru bá bẹ̀rẹ̀, kí ó po ṣíbí tíì mẹ́fà ṣúgà àti ààbọ̀ ṣíbí tíì iyọ̀, tí a gé orí wọn dọ́gba, mọ́ lítà omi mímọ́ kan, kí ó máa mu ún díẹ̀díẹ̀ bí ó ti ń lọ sí kílíníìkì.

Ẹ̀kẹta, ọ̀rọ̀ gàárì. Ìlú Lassa ní Bọ̀rúnó ni a ti kọ́kọ́ mọ ibà Lassa ní 1969, eku ni ó sì ń gbé e kiri. Bí eku bá tọ̀ sínú gàárì tí a kò sì fi iná sè é, ewu dé. Inú ike tí ìdérí rẹ̀ le ni kí gàárì wà. Gàárì nìkan kò sì tó ọmọ tí ó ń kàwé. Kí ẹ̀pà, ẹ̀wà, ẹyin tàbí ẹja máa bá a rìn.

Ẹ̀kẹrin, kí ọmọ gba káàdì kílíníìkì ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Bí ó bá jẹ́ SS, kí ẹni tí wọ́n jọ ń gbé mọ̀ bẹ́ẹ̀. Bí ó bá ń ṣe wárápá, bí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò bá já geere mọ́, bí ojú rẹ̀ bá pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí òdòdó, tàbí tí kò lè mu omi dúró, ẹ má sọ pé kí ó wọkọ̀ wá sílé. Ilé ìwòsàn tí ó súnmọ́ ọn jù ni kí wọ́n gbé e lọ ní wéré.

Ẹ̀karùn-ún, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ yàgò fún oògùn tí àwọn kan ń lò láti lé oorun lọ nígbà ìdánwò. Ìrora ni a ṣe tramadol fún, kì í ṣe ìwé kíkà. Oorun tí ẹ bá sùn dáadáa ni yóò jẹ́ kí ohun tí ẹ kà dúró lórí.

Ọmọbìnrin mi ti padà sẹ́nu ẹ̀kọ́ rẹ̀. Bí ó bá pè mí nísinsìnyí tí ó ní orí ń fọ́ òun, mo máa ń béèrè pé: “Kí ni àyẹ̀wò sọ?” Bí kò bá tíì ṣe é, n kì í dárúkọ oògùn kankan.

Ìdánwò tí a pàdánù lè tún padà wá. Ẹ̀mí kì í padà. Ìlera ni oògùn ọrọ̀ o. Ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀.