Ẹ̀wọ̀n Kì í Ṣe Ìtọ́jú



Lẹ́yìn ìrun Àsùbáà ni obìnrin kan tí ń ta gààrí ní ọjà wa ní Ìkòyí-Ilé fa ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ wá bá mi. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni, ṣùgbọ́n làákàyè rẹ̀ kò ju ti ọmọ kékeré lọ. Ó ní: "Àfáà, àwọn ará ilé bàbá rẹ̀ ní kí n mú un lọ sọ́dọ̀ àfáà kan tí í de irú wọn mọ́lẹ̀, tí í ṣe àdúà fún wọn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi kọ lẹ́tà sí i."

Ojú tì mí, nítorí mo ti kọ irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ rí, kí Ọlọ́run foríjì mí.

Ẹ kò gbàgbé oṣù November ọdún 2019, nígbà tí àwọn ọlọ́pàá kó ènìyàn 259 jáde nínú ilé kan ní Òjóò, n'Ìbàdàn. Ní oṣù September ọdún kan náà, wọ́n ti bá ènìyàn tí ó ju 300 lọ nínú irú ilé bẹ́ẹ̀ ní Kàdúná, ẹ̀wọ̀n ń bẹ lẹ́sẹ̀ àwọn mìíràn. Orúkọ ẹ̀sìn wa ni wọ́n fi bo gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Àdéhùn kan wà tí Ìparapọ̀ Orílẹ̀-èdè Àgbáyé ṣe ní ọdún 2006 lórí ẹ̀tọ́ àwọn aláàbọ̀ ara àti àwọn tí làákàyè wọn kò tó. Nàìjíríà fi ọwọ́ sí i pátápátá ní 2010. Ó ní àìpé ọpọlọ kò tó ìdí láti de ènìyàn mọ́lẹ̀, tàbí láti já ọmọ gbà lọ́wọ́ òbí rẹ̀. Kí ìjọba sì ran ìdílé lọ́wọ́, kí wọ́n má baà fi ọmọ pamọ́ sí yàrá. Ní 2019 ni òfin ti ilẹ̀ wa dé: ẹni tí ó bá fi irú wọn ṣe ẹlẹ́yàmẹ̀yà yóò san 100,000 náírà, tàbí kí ó lọ sẹ́wọ̀n oṣù mẹ́fà, tàbí méjèèjì. Ẹ̀yin oníṣòwò tí ń lé wọn kúrò nídìí àtẹ, ẹ gbọ́ o.

Àwọn kan yóò ní òfin òyìnbó ni. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣí Súrà Nísáì, ẹsẹ karùn-ún. Ọlọ́run ní kí a má ṣe kó dúkìá lé ẹni tí làákàyè rẹ̀ kò tó lọ́wọ́, ṣùgbọ́n kí a máa fi bọ́ ọ, kí a fi wọ̀ ọ́ láṣọ, kí a sì máa bá a sọ̀rọ̀ dáadáa. Owó ni a ní kí a ṣọ́. Ta ni ó ní kí a so ọmọ?

Àdéhùn náà tilẹ̀ fẹ́ kí a máa bi onítọ̀hún léèrè ohun tí òun fúnra rẹ̀ ń fẹ́. Èmi kò ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Mo bi ọmọ náà. Ó na ọwọ́ sí ọ̀nà ọjà, ó di ìrọ́ ìyá rẹ̀ mú.

Mo kọ lẹ́tà lóòótọ́, ṣùgbọ́n bàbá rẹ̀ ni mo kọ ọ́ sí. Kò tíì fèsì. Ọmọ náà wà nídìí gààrí, òun ni ó ń di ẹnu àpò mú fún ìyá rẹ̀ bí ó bá ń wọ̀n ọ́n.