Tòmátì àgbékọ́ lódì: ta ló ń fa omi, ilẹ̀ tàbí ewé?

Ìròyìn ọ̀wọ́n tòmátì kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni tó ń dáná, nítorí náà a kò ní máa tún un rò. Ohun tó máa ń tẹ̀ lé irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ ló gba àlàyé. Bí agbọ̀n tòmátì bá ti gbówó lórí, fídíò korobá tí wọ́n lu nídìí, tí igi tòmátì gba ibẹ̀ yọrí sísàlẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ sí í kiri orí WhatsApp. Àlàyé kan náà ni wọ́n sì ń ṣe: òòfà ilẹ̀ á máa fa omi àti oúnjẹ láti inú korobá wá sínú èso, igi kò ní ṣe wàhálà àtigbé e gòkè mọ́, èso á sì pọ̀ ju ti ilẹ̀ lọ. Ní Amẹ́ríkà, àpò àgbékọ́ kan tó ń jẹ́ Topsy Turvy ti fi ọ̀rọ̀ yìí pawó gan-an lórí tẹlifíṣọ̀n lẹ́yìn ọdún 2005.

Ọ̀rọ̀ náà dùn ún gbọ́, àmọ́ igi kì í mu omi báyẹn.

Ewé ló ń fa omi. Àwọn ihò tíntìntín wà lára ewé tòmátì tí omi ń gbà bá afẹ́fẹ́ lọ nígbà tí oòrùn bá ràn. Bí èyí tó wà níwájú ṣe ń jáde ló ń fa èyí tó wà lẹ́yìn, torí omi inú igi so kọ́ra láti ewé títí dé gbòǹgbò. Lọ́sàn-án gangan, agbára tí ewé tòmátì fi ń fà á lè tó bar 5 sí 10, bar tí àwọn fọkanáísà fi ń wọn afẹ́fẹ́ táyà. Òòfà ilẹ̀ ńkọ́? Lórí igi tó gùn ní mítà kan, kò ju ìdá kan nínú mẹ́wàá bar kan ṣoṣo lọ. Ìrànlọ́wọ́ tí wọ́n ń pariwo rẹ̀ kò ju ìdá kan nínú 50 agbára tí ewé ti ní tẹ́lẹ̀.

Ti oúnjẹ náà kò yàtọ̀. Ernst Münch, onímọ̀ igbó ará Jámánì, ṣàlàyé rẹ̀ ní 1930 pé ibi tí ṣúgà bá ti pọ̀ lára igi, omi á ya wọ ibẹ̀, ìfúnpá á pọ̀ sí i, á sì ti ṣúgà náà lọ síbi tí wọ́n ti nílò rẹ̀. Ó ń lọ sí gbòǹgbò nísàlẹ̀, ó ń lọ sí èso lókè.

Kí wá ni òòfà ilẹ̀ ń ṣe fún igi? Ọ̀nà ló ń fi hàn án. Ní 1806, Thomas Andrew Knight, ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, so horo ẹ̀wà mọ́ ara kẹ̀kẹ́ kan tí omi odò inú ọgbà rẹ̀ ń yí, ìgbà 150 láàárín ìṣẹ́jú kan. Irúgbìn tí wọ́n ń fi yí gbirigbiri lọ́sàn-án lóru kò lè mọ ibi tí ilẹ̀ wà; agbára yíyí yẹn, tó ń tì í síta, nìkan ló mọ̀. Nígbà tí wọ́n hù, gbogbo gbòǹgbò kọjú síta, gbogbo ọ̀mùnú kọjú sí àárín kẹ̀kẹ́. Knight ti dá ilẹ̀ tirẹ̀ sílẹ̀ fún wọn, wọ́n sì gbà á.

Lẹ́yìn tirẹ̀ ni wọ́n tó rí ohun tó wà nínú igi. Nínú àwọn sẹ́ẹ̀lì kan lórí gbòǹgbò àti nínú ọ̀pá, horo sitáàṣì wà tó ń rọ̀ sísàlẹ̀, bí ògì ṣe ń lọ jókòó sí ìdí ìkòkò tí omidùn á tòrò sókè. Yí igi náà padà, horo wọ̀nyí á kó lọ sí ẹ̀gbẹ́ mìíràn. Èròjà kan tí wọ́n ń pè ní auxin á wá pọ̀ sí ìhà ìsàlẹ̀ ọ̀pá, ìhà náà á yára gùn ju ti òkè lọ, ọ̀pá á sì tẹ̀ lọ sókè. Ẹ gbé korobá kọ́ nírọ̀lẹ́, kí ewé orí igi dojú kọlẹ̀. Kí ilẹ̀ tó mọ́, orí rẹ̀ á ti ń yí padà sójú ọ̀run. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, igi náà á rí kọ́lọkọ̀lọ, ìdí rẹ̀ sísàlẹ̀, orí rẹ̀ sókè, bí ẹni pé kò gbọ́ ohun tí olóko wí.

Ní ibùdó òfuurufú ISS, níbi tí horo sitáàṣì kò ti rí ìsàlẹ̀ rọ̀ sí, iná tí wọ́n tàn ló ń darí igi, tòmátì sì so. Frank Rubio, arìnrìn-àjò òfuurufú, ká a níbẹ̀, ó sọnù mọ́ ọn lọ́wọ́, wọ́n ní ó ti jẹ ẹ́. Oṣù Kejìlá 2023 ni wọ́n tó kéde pé àwọn ti rí i, nígbà tí Rubio ti padà sáyé.

Ẹ jẹ́ ká gbé ọ̀rọ̀ korobá yìí wá sí Glei, láàárín àwọn Ifẹ̀ ilẹ̀ Togo, lójú ọ̀nà Nationale 1 tó ti Lomé gba Notsé lọ sí Atakpamé. Ọ̀nà yìí náà ni ọkọ̀ tó ń kó tòmátì lọ sí Lomé ń gbà, kò sì sí ohun tó burú bí ẹni tó ń wò wọ́n kọjá bá fẹ́ gbin tirẹ̀ sí àgbàlá. Ewúrẹ́ àti adìyẹ kò ní dé ibi tí korobá wà. Ilẹ̀ tuntun inú korobá sì lè gba igi lọ́wọ́ Ralstonia, kòkòrò àrùn inú ilẹ̀ tó ń mú tòmátì rọ lójijì nígbà tí ewé rẹ̀ ṣì tutù. Ní ti Tuta absoluta, kòkòrò tó ń ba tòmátì jẹ́, tó mú ìjọba ìpínlẹ̀ Kaduna ní Nàìjíríà kéde pàjáwìrì ní oṣù Karùn-ún 2016, ìyá rẹ̀ ń fò. Gbígbé igi kọ́ kò dí i lọ́wọ́.

Omi ló ń bà mí lẹ́rù. Igi tòmátì tó ti dàgbà lè mu lítà kan sí mẹ́ta lójúmọ́, korobá tó rọ̀ sínú ọyẹ́ sì ń gbẹ láti gbogbo ẹ̀gbẹ́. Bí omi bá ń wá tó ń lọ, kálísíọ̀mù kò ní dé inú èso dáadáa, torí omi tí ewé ń fà ló ń gbé e, ewé ló sì ń kó èyí tó pọ̀ jù lọ. Ìdí èso á dúdú, á rà, olóko á sì máa wá oògùn kòkòrò kiri. Korobá lítà 20 tó kún fún ilẹ̀ tútù tún lè wúwo ju kílò 25 lọ; kì í ṣe gbogbo igi àjà ló lè gbé e.

Lójú tèmi, ẹni tí kò ní ju ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ ní Lomé tàbí Èkó ni nǹkan yìí yẹ. Ẹni tó ní àgbàlá ní Glei, bó bá gbé korobá kan náà lé orí tábìlì gíga, tí igi dúró ṣánṣán, á rí èrè kan náà láìfi okùn so ohunkóhun. Bó bá ṣì wù ú láti gbé e kọ́, kó wá korobá funfun, torí dúdú á se gbòǹgbò, kó gbé e síbi tí òjìji ti ń bọ́ sí lẹ́yìn ọ̀sán, kó sì gbin irú èyí tó ń so wẹ́wẹ́. Èso ńlá lè dá ọ̀pá náà níbi tó ti tẹ̀.